Sọ́fèésì àbí súmò? Èwo ni kí ẹ rà sílé yín ní Ìkòròdú kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Kánádà máa ń sọ fún mi pé kí òtútù tó wọlé lọ́dọ̀ wọn, àwọn á ti fi fóòmù wé páìpù ilé. Omi tó bá di yìnyín máa ń wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, tó bá sì wú tán, páìpù á là. Ní Ìkòròdú níbí, ẹ̀ẹ̀rùn ni tiwa. Omi kànga á fà, ọyẹ́ á gbẹ gbogbo nǹkan, ojú gbogbo ilé á wá wà lára ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń gbé omi sí táǹkì. Ẹ̀rọ yẹn ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò dáadáa kí ẹ tó kówó dání lọ sí Sábó.

Oríṣi méjì lẹ máa bá ní ṣọ́ọ̀bù. Sọ́fèésì máa ń jókòó sórí ilẹ̀, páìpù ló fi ń fa omi wá láti ìsàlẹ̀. Súmò rí gbọọrọ bí ọ̀pá, okùn la fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú omi, láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti ń ti omi sókè. Ọ̀kan ń fà, èkejì ń tì. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Fífà ní ibi tó mọ. Bí sọ́fèésì bá ti fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, afẹ́fẹ́ tó wà níta ló ń tẹ omi gòkè, kò sì lè tẹ̀ ẹ́ kọjá nǹkan bíi mítà 10. Tí a bá dé ìdí iṣẹ́, mítà 7 sí 8 lẹ máa rí. Ẹ ra èyí tí agbára mọ́tò rẹ̀ jẹ́ 0.5 HP, ẹ ra 2 HP, ibì kan náà ni.

Mi ò mọ èyí lọ́dún tí mo kó wọ ilé mi. Oṣù Keje ni mo ra sọ́fèésì, òjò ń rọ̀, omi kànga mi ò ju mítà 5 lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi nawọ́ sí pátákó kékeré ara ẹ̀rọ náà, ó ní, "Ẹ wo mítà ogójì níbí, kò sí omi tí kò ní fà." Nígbà tó di oṣù Kejì, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, omi ò jáde. Wọ́n tan án sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé, ara rẹ̀ ti gbóná débi pé ọwọ́ ò ṣeé gbé lé e, ó ti jó. Oṣù méjì gbáko la fi ra omi kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́mọlanke, pẹ̀lú ìyá àgbà nínú ilé. Inú mi ò dùn sí i títí di òní, torí pé ìbéèrè kan péré ni mi ò bi ẹni tó ń tajà.

Ẹ ka pátákó yẹn fúnra yín. Níbi tí wọ́n bá kọ "H. max 40 m" sí, gíga tí ẹ̀rọ lè ti omi dé ni. Ibi tí wọ́n kọ "Suct. max 8 m" sí ni kí ẹ wò. Òun ni jíjìn tó lè ti fà á.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wọn kànga yín. Ẹ so òkúta tó wúwo mọ́ okùn, ẹ fi kókó sí okùn náà ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ìró omi. Ẹ ka kókó tó ti wọlé. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò lẹ ń wọ̀n ọ́n, ẹ bi aládùúgbò tó ti pẹ́ níbẹ̀ pé ibo ni omi máa ń wà ní oṣù Kẹta. Tó bá máa kọjá mítà 6 nígbà náà, ẹ má ra sọ́fèésì. Ilé tó bá wà nísàlẹ̀ lápá Ẹ̀bútẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti sún mọ́ ọ̀sà, lè rí i lò láti ọdún dé ọdún. Bí ilẹ̀ bá ti ń gòkè lápá ọ̀nà Ṣágámù, okùn yín á gùn, súmò ló máa gbà yín.

Súmò wọ́n jù ú lọ, kò sì rọrùn láti tún ṣe. Sọ́fèésì tó bá bàjẹ́, ẹ ó gbé e lọ́wọ́ kan lọ bá mẹkáníìkì. Ti súmò, ẹ ó kọ́kọ́ fa á jáde látinú kànga pẹ̀lú páìpù àti wáyà. Ẹ jẹ́ kí okùn ọ̀rá tó nípọn gbé e ró, kí wáyà má gbé ẹrù kankan. Ẹ má sì jẹ́ kó kan ìsàlẹ̀, kó fi ó kéré tán mítà kan jìnnà sí ilẹ̀ kànga, torí iyanrìn ló máa ń jẹ abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ run. Fún bọ̀hóòlù, ẹ wo ẹnu páìpù rẹ̀: súmò ínṣì 4 kì í fara rọ wọ páìpù ínṣì 4, ínṣì 3 ni kí ẹ bèèrè.

Nípa iná, 1 HP jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 746, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú tó bá ń gbéra, ó máa ń jẹ ìlọ́po rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí "I better pass my neighbour" kò ní lè gbé e. Ẹ bèèrè bóyá kọ́pà ni wáyà inú mọ́tò rẹ̀ àbí alumínọ́ọ̀mù. Kọ́pà wúwo jù, ẹ gbé méjèèjì wò lọ́wọ́.

Ti páìpù ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. PVC tí a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ dín owó, pọ́ḿbà èyíkéyìí sì lè ṣe é, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń mú kó le ganpa, á wá kán nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọdé bá gbá a. PPR ni wọ́n ń fi iná yọ́ mọ́ra, ní nǹkan bíi ìwọ̀n 260 lórí sẹ́ńtígíréèdì, ìṣẹ́jú-àáyá 5 fún mìlímítà 20. Òun ni mo yàn, níwọ̀n bí ẹ bá ti rí ẹni tó mọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá yọ́ ọ pẹ́ jù á dí inú rẹ̀ kù bí ihò abẹ́rẹ́, omi á máa sun. Èyíkéyìí tó bá wà níta, ẹ rì í mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ kùn ún.

Kí ẹ tó sanwó súmò, ẹ ní kí wọ́n tan án lójú yín, ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré, torí omi tó yí i ká ló ń tù ú lára. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ HP àti "kọ́pà" sí.