Àyẹ̀wò Gbogbo Ara Láìgba Ẹ̀jẹ̀: Ohun Tí Ojú Mi Rí

Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà tí ènìyàn yóò di irin rẹ̀ mú fún ìṣẹ́jú kan péré, tí yóò sì sọ bí ọkàn, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti egungun onítọ̀hún ti ń ṣiṣẹ́ sí, láìgba ẹ̀jẹ̀, láìgba ìtọ̀. Nítorí pé mo ní àtọ̀gbẹ, tí gígún ìka lójoojúmọ́ sì ti sú mi, mo lọ ṣe é. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, tí wọ́n sì ń pè sí irú àyẹ̀wò yìí, ni mo ń kọ èyí fún.

Ní ti ìgbàlejò, n kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí wọn lọ́rùn. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹni tó dá mi lóhùn sì ní sùúrù. Ó béèrè ọjọ́ orí mi, bí mo ṣe ga tó àti bí mo ṣe wúwo tó, ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó gbé irin róbótó kan tó tutù lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n má sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìṣẹ́jú kan pé, bébà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó lé ní ogún ojú ewé.

Ojú ewé kẹrin ni mo kà dé tí mo fi dúró. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpò òróòro mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àpò òróòro yìí, oníṣẹ́ abẹ ti yọ ọ́ kúrò nínú mi láti ọdún 2015, àpá rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìhà ọ̀tún mi títí di òní. Mo ṣí ojú ewé kejì rẹ̀, wọ́n ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wà ní ìwọ̀n tó yẹ. Mo mú ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń wọn ṣúgà jáde, mo gún ìka níbẹ̀, ó fi 214 mg/dL hàn, èyí tó ga ju ìwọ̀n tó yẹ lọ. Mo wá bẹ ẹni náà pé kí ó tún àyẹ̀wò ṣe, kí ó sì fi ogún ọdún kún ọjọ́ orí mi. Irin kan náà, ọwọ́ kan náà, ìdajì wákàtí kò tíì pé, egungun tí wọ́n ní ó le dáadáa ti di egungun ẹlẹgẹ́. Lójú tèmi, ọjọ́ orí tí a tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ni èsì náà ń sọ.

Ẹ̀rọ kékeré tèmi náà máa ń ṣì í, ṣùgbọ́n a mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, a sì mọ ibi tí àṣìṣe rẹ̀ mọ. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá kan kẹ́míkà orí bébà pẹlẹbẹ rẹ̀, iná mànàmáná tíńtín yóò jáde. Bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó ni iná náà ṣe ń pọ̀ tó, iná yìí sì ni ẹ̀rọ ń wọ̀n. Òfin àgbáyé fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ISO 15197 ti ọdún 2013, ní bí ṣúgà bá ti tó 100 mg/dL, èsì 95 nínú 100 kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí òótọ́. Kódà bí ẹ̀rọ mi bá ṣì í tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣúgà mi kò lè wọ ìwọ̀n tó yẹ. Dókítà tún lè fi àyẹ̀wò HbA1c yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó ń wo ṣúgà tó ti lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀jẹ̀ pupa. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ pupa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kí ó tó kú, èsì rẹ̀ ń ròyìn oṣù méjì sí mẹ́ta tó kọjá.

Ìbéèrè méjì ló yẹ kí a bi àyẹ̀wò èyíkéyìí, Jacob Yerushalmy, onímọ̀ ìṣirò nípa ìlera, sì ti là wọ́n sílẹ̀ láti ọdún 1947: nínú àwọn tó ní àìsàn, mélòó ni ó ń rí mú? Nínú àwọn tí kò ní in, mélòó ni ó ń dá sílẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a mú 1,000 ènìyàn, kí àìsàn wà lára mẹ́wàá nínú wọn. Bí àyẹ̀wò bá rí mẹ́sàn-án mú nínú mẹ́wàá yìí, tó sì fi ẹ̀sùn àìsàn kan márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ara wọn le, nǹkan bí 59 ni yóò gbọ́ pé àwọn ní in, mẹ́sàn-án péré ni ó sì jẹ́ òótọ́ fún. Ìdí nìyí tí dókítà tó mọṣẹ́ fi ń béèrè ìtàn àìsàn, tó ń fọwọ́ tẹ ikùn, tó sì ń tún àyẹ̀wò ṣe. Mo bi ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà ní ìbéèrè méjèèjì. Ó ní ẹ̀rọ àwọn kì í ṣì í. Ìdáhùn yìí dùn mí ju ti àpò òróòro lọ.

N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe àyẹ̀wò yìí, bí wọ́n tilẹ̀ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe é, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ dá oògùn yín dúró. Obìnrin kan tó ń wúkọ́ ló jókòó tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ náà, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹ̀rọ náà dára. Mo fi ojú ewé kẹrin hàn án, mo sì fi àpá mi hàn án pẹ̀lú.