Másítàsì Ilé-Ìkàwé n'Íbàdàn: Èwo Ni Kí Ẹ Náwó Lé?

Orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì másítàsì yìí, ti ilé-ìkàwé, ti ìmọ̀ ìsọfúnni àti ti ìtọ́jú àkọsílẹ̀, jọra débi pé ọ̀pọ̀ ti ra fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń lé kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn.

Ẹni tó bá fẹ́ di olùtọ́jú ilé-ìkàwé, MLIS, ìyẹn másítàsì iṣẹ́ ilé-ìkàwé àti ìsọfúnni, ni tirẹ̀. Òfin ọdún 1995 tó dá LRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, sílẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ṣe iṣẹ́ náà láìforúkọsílẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí tí ẹ ń lọ gbà. Ẹ má retí pé ìwé kíkà lásán ni. Ẹ ó jókòó ti ìwé kan ṣoṣo, ẹ ó máa kọ ọ́ sínú kátálọ́ọ̀gì kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní MARC, níbi tí ìsọfúnni kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà àyè tirẹ̀: ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé) sí 020, òǹkọ̀wé sí 100, àkọlé sí 245, kókó-ọ̀rọ̀ sí 650. Bí àkọlé bá fi “The” bẹ̀rẹ̀, àmì kejì lára 245 gbọ́dọ̀ jẹ́ 4, ìyẹn lẹ́tà mẹ́ta àti àlàfo kan, kí kọ̀ǹpútà lè fò ó bó bá ń to àkọlé ní a-b-d. Ẹ fi 0 síbẹ̀, abẹ́ T ni ìwé náà máa sá pamọ́ sí, ẹni tó ń wá a á sì ní kò sí.

Ti ìmọ̀ ìsọfúnni, MInfSc, yàtọ̀. Ẹ̀ka tí Yunifásítì Ìbàdàn dá sílẹ̀ ní 1990 lórúkọ ARCIS (Africa Regional Centre for Information Science) ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àti dátà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó ń sá fún ìṣirò kó rò ó dáadáa.

Ti ìtọ́jú àkọsílẹ̀ ni mo rí pé àwọn ènìyàn ń fojú fò jù, bẹ́ẹ̀ National Archives, ilé tí ìjọba ń kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ pamọ́ sí, wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn gan-an. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹni tó ti mọ ilé-ìkàwé máa to fáìlì ní kókó-ọ̀rọ̀ kókó-ọ̀rọ̀, bí ẹni ń to ìwé. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ́fíìsì tó ni ín ṣe tò ó la ń fi í sílẹ̀, torí ètò yẹn ló ń sọ ẹni tó kọ̀wé sí ta, àti ohun tó tẹ̀lé e.

Ní ti ilé-ìwé, Lead City, yunifásítì aládàáni n'Íbàdàn, náà ń kọ́ iṣẹ́ ilé-ìkàwé. Owó aládàáni máa ń wọ́n jù, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì ìjọba, tó gba oṣù mẹ́jọ ní 2022 kò kàn wọ́n.

Èyí tó ń dá ọ̀pọ̀ dúró ni transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò yín. Ilé-ìwé yín àtijọ́ ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ sanwó rẹ̀ kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.