Ìsọ̀ alátùn-únṣe láptọ́ọ̀pù kan ní Queen Cinema tó ṣiṣẹ́ dé ojú àmì

Ẹni tó bá ń lo láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ n'Ìbàdàn kò ní ṣàìmọ Queen Cinema. Fóònù, cháájà, bátìrì, skríìnì, kò sí èyí tí ẹ ò ní rí rà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń fa èèyàn lápá láti títì, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ tún ṣe?", wọ́n pọ̀ ju àwọn tó mọ iṣẹ́ lọ fíìfíì. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ ìsọ̀ kékeré kan tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lágbègbè yẹn.

HP EliteBook 840 G1 ni láptọ́ọ̀pù mi. Ọdún 2013 ni Intel gbé Core i5-4300U tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ jáde. Kò ní káàdì graphics kankan lọ́tọ̀. HD Graphics 4400 tó wà nínú ọpọlọ yẹn náà ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ àwòrán. Òun ni mo fi ń ge fídíò ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó ní Mọ́kọ́lá, ibẹ̀ ni mo sì ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n bí fídíò bá ti gùn díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, fáànù á máa pariwo, abẹ́ rẹ̀ á gbóná kọjá ohun tí èèyàn ń gbé lé itan. Mo ti gbọ́ nípa overclock, pé wọ́n lè mú kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe ní kó sá lọ. Iṣẹ́ tí mo gbé lọ síbẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá ìsọ̀ náà kò gba owó. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó ná." Ó ṣí ètò kan tó ń jẹ́ ThrottleStop, tó ń fi ooru àti eré ọpọlọ hàn, tó sì lè yí iná rẹ̀ padà, ó ní kí n gbé fídíò tèmi sí i kí ó máa jáde. Bí a ṣe ń wò ó, ooru gun 96 °C, nígbà tó jẹ́ pé 100 °C ni òpin tí Intel fi sí i. Ọpọlọ tó lè sá dé 2.9 GHz (òun ni wọ́n fi ń wọn eré rẹ̀) já wálẹ̀ sí 1.3 GHz. Ó yíjú sí mi: "Kò tíì sá èyí tí wọ́n ní kó sá, ẹ ti ń wá àfikún."

Ó wá ṣàlàyé. Intel ti ti eré irú ọpọlọ yìí pa, kò ṣeé fi kún. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ti láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ṣí sílẹ̀ nígbà náà, bíi i7-4930MX, owó wọn kì í sì í ṣe kékeré. Lẹ́yìn èyí, inú abọ́ kan ṣoṣo ni ọpọlọ àti graphics rẹ̀ ti ń jẹun: 15 watt fún àwọn méjèèjì. Bí ọ̀kan bá bù jù, èkejì á pebi. Nítorí náà, ẹni tó bá dín ooru àti iná tí ọpọlọ ń jẹ kù ti fi kún eré graphics nìyẹn.

Ó tú u. Ekuru ọyẹ́ ti dí ibi tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà jáde pátápátá, thermal paste rẹ̀, ìyẹn ọ̀dà tó ń gbé ooru kúrò lára ọpọlọ, ti gbẹ. Ó gbọ́n ekuru náà, ó fi paste tuntun sí i. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ: ó yọ RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 8GB kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ó fi 4GB méjì rọ́pò rẹ̀. Iye RAM kò pọ̀ sí i rárá! Ṣùgbọ́n graphics yìí kò ní ìrántí tirẹ̀, ara RAM ló ti ń yá. Bí RAM bá jẹ́ ẹyọ kan, 12.8 GB ló lè gba ọ̀nà tó wà láàárín RAM àti ọpọlọ kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá di méjì, ó di 25.6 GB.

Èyí tó kẹ́yìn ni dídín iná ọpọlọ kù nínú ThrottleStop. Ó gbìyànjú láti yọ 80 mV (mV kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún volt), skríìnì di búlúù, láptọ́ọ̀pù kú. Ó padà sí 50 mV, ó sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí kó tó gbà pé ó dúró dáadáa. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti kéde àléébù Plundervolt, tó lè jẹ́ kí ọ̀daràn fi dídín iná ọpọlọ kù jí àṣírí inú rẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni wọ́n ti ti ọ̀nà yìí pa lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun. Àgbà láptọ́ọ̀pù jàǹfààní níbí.

Fídíò kan náà tó ń gba nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ kò pé wákàtí kan mọ́. Ooru kò kọjá 79 °C. ₦7,000 ni owó iṣẹ́, mo sì fi díẹ̀ lé RAM tí a pààrọ̀. Ẹni tó bá retí pé kó máa ge fídíò 4K, èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ gan-an tó sì wúwo, gẹ́gẹ́ bíi tuntun kò ní rí i bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń kọ́sẹ̀ níbẹ̀.

Àléébù ìsọ̀ náà ni pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn ṣókùnkùn, bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà fún oníbàárà, wọn kì í sì í kọ rìsíìtì àfi tí ẹ bá béèrè. Ẹ béèrè o, pàápàá nítorí RAM. Ọjọ́ Sátidé, èrò máa ń pọ̀ débi pé kò ní ráyè ṣàlàyé fún yín, ẹ lọ láàárọ̀ àárín ọ̀sẹ̀. Kí ẹ gbé cháájà dání, kí ẹ mú iṣẹ́ tó ń dààmú yín gan-an lọ kó lè fi dán an wò, kí ẹ sì ti kó fáìlì yín sórí hard disk mìíràn kó tó fọwọ́ kàn án.