Cataract Falls ní Sugarlands: omi àpáta tí Mọ́mì mi fojú tẹ́ńbẹ́lú

Ọmọkùnrin tó ń gbàlejò ní òtẹ́ẹ̀lì tá a sùn ní Gatlinburg ló kó wa sí wàhálà. Mo bi í pé, nínú Great Smoky Mountains, ọgbà igbó àti òkè tí ìjọba Amẹ́ríkà ń tọ́jú, omi àpáta wo ni ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn lè fẹsẹ̀ rìn dé? Kò tiẹ̀ gbójú kúrò lórí fóònù ẹ̀. "Laurel Falls. Wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà ẹ̀." A débẹ̀, wọ́n ti tì í pa! Láti oṣù kìíní 2025 ni wọ́n ti tì í, wọ́n ń tún ọ̀nà náà ṣe. Mo pe ọmọkùnrin yìí, ó ní ṣé òun lòun tì í ni. Inú mi ru. Mọ́mì, tó ti Ẹ̀fọ̀n Aláayè wá kí wa ní Atlanta, ní ká kúkú máa lọ sílé.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì la yà wá ní Sugarlands, ilé tí wọ́n ti ń gbàlejò nínú ọgbà náà. (Wọn kì í gbowó ìwọlé o, àmọ́ tí mọ́tò yín bá máa ju ìṣẹ́jú 15 lọ níbi ìgbọ́kọ̀sí, dọ́là 5 lójúmọ́.) Bàbá òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀ gbọ́ bí mo ṣe ń ráhùn, ló bá jáde látẹ̀yìn káńtà. Kò wo ojú mi, bàtà Mọ́mì ló ń wò. Ó ní kí wọ́n rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn kí wọ́n padà. Ó wá fi pẹ́ńsù ya ọ̀nà fún wa: ẹ̀yìn ilé, etí odò, abẹ́ afárá mọ́tò, ó parí. Ó ní Cataract Falls nìyẹn, kò tóbi o, àwọn èèyàn kì í sábà béèrè ẹ̀. Ọ̀pá ìtilẹ̀ tirẹ̀ gan-an ló nà sí Mọ́mì.

A dé ìdí omi. Tín-ín-rín, ó ń yọ́ bọ̀ lára àpáta dúdú. Mọ́mì kọ háà: "Ṣé èyí náà ni? Èmi tí mo mọ omi àpáta Àrìnta n'Ípólé, l'Ékìtì! Omi ẹ̀rọ ilé ẹ le jù báyìí lọ." Ojú tì mí.

Àfi bí wọ́n ṣe tẹ̀ ba, tí wọ́n ń wo ẹ̀gbẹ́ òkúta. Ẹranko kan wà níbẹ̀ tó jọ ọmọńlé, ara ẹ̀ tutù, ó ń dán: salamander ni wọ́n ń pè é, irú ẹ̀ tó 30 nínú ọgbà yẹn. Mọ́mì ò fẹ́ kúrò mọ́. Wọ́n ní kí n dákẹ́, mò ń lé e.

Nígbà tá a dá ọ̀pá padà, bàbá yẹn ò béèrè omi, orúnkún ló béèrè. Mọ́mì ṣàdúrà gígùn fún un lédè Èkìtì. Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba títí wọ́n fi ṣe tán.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mọ́mì ló fún un, wọ́n ní ọmọ Èkìtì ò lè torí omi parọ́. Wọ́n tún ní tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ká padà lọ.