Manzanita 'Howard McMinn': owó tí mo ná lé e kò dùn mí

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Sacramento, tí owó omi ń gbọ́n àpò yín gbẹ, ẹ gbọ́ tèmi lórí manzanita yìí, igi kékeré ọgbà tí 'Howard McMinn' jẹ́ orúkọ irú rẹ̀. Inú ike gálọ́ọ̀nù kan ni mo ti rà á, dọ́là 16. Lára manzanita Vine Hill, irú manzanita kan tó ń hù ní Sonoma County, ni wọ́n ti ṣa á. Ti inú igbó yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, òfin California sì ń dáàbò bò ó.

Torí ara igi náà gan-an ni mo ṣe rà á. Ó pupa bí osùn, ó ń dán, kò sí gbágungbàgun kankan níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èèpo àtijọ́ á họ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tuntun á sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo máa ń dúró wò ó ṣáá ni. Tọdúntọdún ni ewé wà lórí rẹ̀. Ewé náà le, ó sì ń nàró lórí ẹ̀ka, kí oòrùn ọ̀sán má baà rí gbogbo ojú rẹ̀ jó.

Ní February, tí igi àwọn aládùúgbò ṣì wà níhòòhò, òdòdó tèmi ti yọ: funfun tó ní pupa díẹ̀ nínú, tó dorí kodò, tí ẹnu rẹ̀ kéré. Oyin ńlá onírun á di òdòdó kan mú, á gbọn ara yìì títí lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ á fi dà sí i lára. Èso wẹ́wẹ́ ló ń tẹ̀ lé e. Àwọn Miwok, ọmọ ìbílẹ̀ California, ti ń fi èso manzanita ṣe ohun mímu látayébáyé.

Kì í tètè dàgbà o. Ó lè ga tó mítà 2, àmọ́ ẹ ní sùúrù. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n máa bomi rin ín lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe é! Omi púpọ̀ nínú ilẹ̀ gbígbóná ló ń jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà. Ìgbà tí òjò bá kù díẹ̀ kó dé, ní October tàbí November, ni kí ẹ gbìn ín. Tí ilẹ̀ yín bá jẹ́ amọ̀, ẹ kọ ebè sí i. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ẹ bomi rin ín dáadáa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan; tó bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ dín omi kù gan-an. Kò nílò ajílẹ̀. Ẹ má sì gé ẹ̀ka rẹ̀ dé ibi tí kò ti sí ewé, torí ó ṣòro kó tún rú níbẹ̀.

Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sórí koríko, ẹ gbìn ín jìnnà sí i, tàbí kí ẹ ra igi mìíràn.