Àwọn oníṣẹ́ sítáfù tó ṣe míhráábù àdúgbò wa l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ kú déédé ìwòyí o. Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò míhráábù wa, ihò ara ògiri iwájú mọ́ṣáláṣí tí lèmọ́mù máa ń kọjú sí, síta làwọn èèyàn ti ń bi mí pé ta ló ṣe é, ṣé ó ṣe é gbọ́kàn lé, ṣé káwọn náà pè é, mo wá ní kí n kúkú jókòó kọ gbogbo ẹ̀ pọ̀. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà síbí torí ọ̀rọ̀ kan wà nínú ẹ̀ tó dùn mí, ẹni tó bá ń wá wọn kó bi mí ní kọ̀rọ̀.

Mọ́ṣáláṣí wa ò tóbi, tí jámáà bá tò, ìlà mẹ́jọ ló máa kún un. Èmi ni wọ́n ní kí n máa bójú tó iṣẹ́ ibẹ̀. Àwọn kan ti kọ́kọ́ wá ṣe é tẹ́lẹ̀, tí wọ́n lẹ sítáfù mọ́ ògiri ìta níbi tí òjò ti ń nà án, kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń ya, àfi bá a ṣe dé láàárọ̀ Jímọ̀ọ́ kan tá a bá a nílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́hun pé kò sẹ́ni tó jókòó sábẹ́ ẹ̀. Jípísì àti okùn sísálì ni sítáfù, òun àtomi ò rẹ́, ìlú wa sì nìyí létí ọ̀sà, ọ̀rinrin ò kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí n gba ti ọ̀gá tuntun yìí nìyẹn, bó ṣe wo ògiri yẹn báyìí ló ní, "Alhaji, inú ilé ni sítáfù, sìmẹ́ǹtì ni ti ìta, tẹ́ ẹ bá ní sítáfù lẹ fẹ́ níta, ẹ wá ẹlòmíì." Owó ló ń sọ nù yẹn o, kò sì wojú wa.

Ọ̀rọ̀ míhráábù gan-an ló gbà wá lákòókò jù. Àwọn kan nínú jámáà ní tí kò bá ti ní wúrà lára, kì í ṣe míhráábù. Lèmọ́mù wa ló pẹ̀tù sí i, wọ́n ní kí ló wà fún, ṣebí kó fi gábásì hàn wá ni, àti pé nígbà ayé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kò síhò kankan lára ògiri mọ́ṣáláṣí Mẹ̀dínà, ìgbà tí Umar ọmọ Abdul-Aziz, gómìnà Mẹ̀dínà, ń tún un kọ́ fún Al-Walid, olórí àwọn Mùsùlùmí ìgbà yẹn, ní nǹkan bí ọdún 707 sí 709 ni wọ́n tó ṣe oníhò síbẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́. A wá fẹnu kò pé iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ́ la máa ṣe, awọ̀ wúrà ò ní kọjá ojú ìwé Kùránì tí wọ́n máa kọ sókè ẹ̀.

Orí ihò yẹn la ti ní kí wọ́n ṣe mùkánásì. Ẹni tó bá ti rí fọ́tò Alhambra ní Granada, ní Sípéènì, á mọ nǹkan tí mò ń sọ, ó dà bí afárá oyin tó so rọ̀ látòkè, yàrá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti Arábìnrin Méjì tí ègé tó wà lókè ẹ̀ lé ní 5,000. Èmi ti rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ló fi páálí ṣe é hàn mí, ó ní tó o bá kọ́ ilé onígun mẹ́rin tó o sì fẹ́ gbé òrùlé roboto lé e, kí lo máa ṣe sígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣẹ́ kù, nǹkan gbọ́dọ̀ mú ojú látibi igun wọnú roboto díẹ̀díẹ̀, irú ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti máa ń lò ó jù.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Múùlù mẹ́rin péré ni wọ́n fi ṣe gbogbo ẹ̀! Ọmọ iṣẹ́ á fi ọṣẹ pa inú múùlù, á da jípísì tó ṣàn díẹ̀ sí i, á fọ́n sísálì lé e bí ẹni ń tẹ́ koríko sínú ìtẹ́ ẹyẹ, á tún da jípísì bò ó, á fi ìka tẹ igun kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ má bàa há síbẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀kan fún mi lọ́wọ́, ó fúyẹ́, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí jípísì máa ń gbóná tó bá ń dì. Ibẹ̀ lọkàn mi ti balẹ̀.

Ti àwọn òpó ńkọ́? Jámáà fẹ́ kí ẹnu ọ̀nà tẹ̀ bíi pátákò ẹṣin, bíi ti Mòrókò. Ọ̀gá ní òpó tá a ní ò nípọn tó, torí irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tó bá gbẹ́rù ní tòótọ́, á máa ti òpó síta lọ́tùn-ún lósì ni. Ó da bíìmù, ìyẹn kọnkéré tó dábùú, sórí òpó, ó wá lẹ pátákò ẹṣin mọ́ abẹ́ ẹ̀, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ẹ̀ṣọ́ nìyí o, bíìmù ló ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ní mọ́ṣáláṣí ńlá Cordoba, ní Sípéènì, tí ọba Abd al-Rahman bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 785, iṣẹ́ gidi ni tibẹ̀ ń ṣe, òpó àtijọ́ tí wọ́n rí lò kúrú, ni wọ́n bá to ẹnu ọ̀nà títẹ̀ méjì lérí ara wọn kí òrùlé lè ga, bíríkì pupa kan, òkúta funfun kan.

Ibi tó dùn mí wá nìyí. Ìwé tó wà lókè míhráábù, inú súúrà Bákárà la ti mú un, àáyà 144, ibi tí Ọlọ́hun ti ní kí Ànábì kọjú sí mọ́ṣáláṣí abọ̀wọ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan ló gbẹ́ ẹ sínú múùlù bó ṣe rí lórí bébà gẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó o bá gbẹ́ sínú múùlù, òdì ẹ̀ ló máa jáde. Wọ́n gbé e kọ́, wọ́n kùn ún, àwọn èèyàn ń yà á ní fọ́tò, àfi ìgbà tọ́mọ ilé kéwú kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ dúró tó ń wò ó, tó ní, "Àáfà, kí ló dé tí ìlà yìí fi bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ òsì?" Gbogbo ara mi bu omi. Mo pe ọ̀gá, ó ní ta ló máa mọ̀, ó ní òkè ló wà. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun mà nìyẹn! Mi ò bá a jà, mo kàn ní kó wá kà á fún mi. Ó dé lọ́jọ́ kejì, ó bẹ lèmọ́mù, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì lọ sí i, àwẹ̀ sì bá wa lẹ́nu iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá máa fún wọn ní ìwé kọ, ẹ mú àáfà dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó da jípísì.

Ọ̀dọ́ wa kan mú fọ́tò mọ́ṣáláṣí Dubai wá lórí fóònù pé kí wọ́n ṣe iwájú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ò jiyàn, zẹ́mìjáànù, ọ̀kadà ibí, ló ní ká gùn, ó di iwájú Mọ́ṣáláṣí Ńlá wa níbí, èyí táwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé fi ọwọ́ kọ́ láti nǹkan bí ọdún 1912, tójú ẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Bùràsíìlì lọ́hùn-ún, tí awọ̀ lóríṣiríṣi wà lára ẹ̀, tí wọ́n yọ òpó àti òdòdó lára ògiri. Látìgbà tí mo ti ń kọjá níbẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo tó gbójú sókè wò ó dáadáa. Iwájú mọ́ṣáláṣí tiwa wá gba awọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, a fi Dubai sílẹ̀ fún Dubai.

Iṣẹ́ wọn tí mo fẹ́ràn jù ni claustra, búlọ́ọ̀kù oníhò tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dà sí ògiri ẹ̀yìn lápá ìwọ̀ oòrùn, oníràwọ̀ olórí mẹ́jọ. Kò sí fáànù lọ́jọ́ tí iná lọ, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó kẹ́ ẹ tó pinnu, ẹ wá kírun Àlàásàrí lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, ìgbà yẹn loòrùn máa ń gba ibẹ̀ wọlé, tí ìràwọ̀ á wà lórí ẹní látẹ̀yìn títí dé ìlà kẹta.