Ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé: ìpàdé ojúkojú tàbí WhatsApp?

Fún ẹni tó ń kọ ewì Yorùbá, ìpàdé ojúkojú ló dára jù. Ènìyàn 6 sí 8 ti tó. Bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wákàtí 2 kò ní kárí wọn. Kí akéwì ka iṣẹ́ rẹ̀ sókè, kí ó sì dákẹ́ títí àwọn yòókù yóò fi sọ èrò wọn tán, torí àlàyé rẹ̀ lè bo àbùkù iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀.

WhatsApp rọ ẹni tó jìnnà lọ́rùn, kò sì sí owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n àmì ohùn sábà máa ń sọnù níbẹ̀, òǹkàwé á wá máa méfò. Ẹ fi PDF ránṣẹ́, kí ẹ sì gba ohùn yín sílẹ̀ tì í.